Bí Mo Ṣe Sáré Wọ Atakpamé

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Atakpamé ni pé èdè wọn ń yé mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èdè àjèjì. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé Faransé ni wọ́n ń sọ ní Tógò, pé n óò dà bí odi títí ahọ́n mi yóò fi tú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mò ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí lójúlé kejì. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ “omi,” mo gbọ́ “ilé,” mo sì gbọ́ ohùn ìyá tí ọmọ ti sú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì ní láti apá ọ̀dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún làwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Dípò kí inú mi dùn, ẹkún ló gbọ̀n mí. Ká ní n kò gbọ́ nǹkan kan rárá ni, ǹ bá gbà pé mo ti jìnnà sí ìyá mi, ǹ bá sì jókòó jẹ́ẹ́.

Mo ti ṣèlérí fún ìyá mi pé ọdún méjì péré ni n óò lò. Bàbá mi ti kú, kò síṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ẹni tó ka ìwé ìwọ̀nba, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Tógò sì ránṣẹ́ pé òun ń wá ẹni tó máa ran òun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi ọkùnrin ló kù sílé pẹ̀lú Màámi. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Màámi kò sunkún. Ó kàn ń tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, ó ń tún un ṣe, bí ẹni pé ó ṣì máa wọ́ tó bá gbọ́wọ́ kúrò.

Baba Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ọjà ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Táyà, ṣéènì, bẹ́ẹ̀lì, ìjókòó kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń tà, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Iṣẹ́ náà kò le, orúkọ ẹrù ló le. Ohun tí mo mọ̀ lórúkọ kan nílé, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ níbẹ̀, Faransé ni gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pàdé Kosi. Tíṣà ni níléèwé àwọn Kátólíìkì, ọmọ Ifẹ̀, kò jù mí lọ. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, táyà ẹ̀yìn ti rọ̀ jọwọlọ, ó ní “ṣáḿbù” lòun ń fẹ́. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: yàrá ni. Mo wò ó tàánútàánú, mo fi Yorùbá dá a lóhùn.

“A ò ní yàrá níbí, ọ̀gá. Yàrá onílé lèmi náà ń sùn sí.”

Ó wò mí títí, ó tún wo táyà rẹ̀. Ló bá jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú táyà, tí àwa ń pè ní tíúbù, “yàrá afẹ́fẹ́” ni àwọn Faransé sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí Kosi bá ti ń yọjú ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé yàrá ṣì wà?”

Ó mú mi lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ gbé omi fún mi, ó ní, “Woezo,” bí gbogbo ará Atakpamé ṣe ń kí àlejò káàbọ̀, ì báà jẹ́ Ifẹ̀, ì báà jẹ́ Ewe. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹ iyán. Nígbà tó yá, obìnrin náà kò kí mi bí àlejò mọ́, ó kàn ń na ọmọ odó sí mi ni. Àwòrán ọmọ rẹ̀ àgbà wà lára ògiri. Yao lorúkọ rẹ̀, Èkó ló wà, bíríkìlà ni. Tí mo bá ti ń dúpẹ́ oúnjẹ jù, ìyá Kosi á nawọ́ sí àwòrán náà.

“Àwọn tiyín ń tọ́jú tèmi l’Ékòó,” á wí. “Èmi náà ń tọ́jú tiwọn níbí. Jẹun.”

*

Kosi ló kó mi sínú eré sísá. Ojoojúmọ́ kó tó lọ síléèwé ló ń sáré jáde nílùú lọ sí ọ̀nà Kamina, níbi tí àwọn ọwọ̀n àtijọ́ tí àwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ wáyà ti wó sílẹ̀ nínú koríko. Afi máa ń bá a lọ. Ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí títì ni Afi, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́nu mímú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn, mo dúró lágbedeméjì òkè, mo bì. Afi wò mí, ó ní, “Nàìjíríà tóbi, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló kéré.” Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Lọ́jà, mo máa ń ronú kí n tó la ẹnu. Ní Lapọ́sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ tí a ti ń lọ tẹ fóònù, akọ̀wé á fi ohùn Faransé pe orúkọ mi, n kò ní mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Kamina, ẹni mẹ́ta la jẹ́, a ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ẹnikẹ́ni ti wá. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀. Bí inú mi bá ti dùn tán ni màá rántí Màámi, tí ẹ̀yìn ń ro lórí ẹní. Ọkàn mi á dà rú. Ọdún méjì ti kọjá, mo sì ń sáré kiri orí òkè bí ọmọ tí kò nílé.

A máa ń ṣàdéhùn fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Kẹ́mísìtì kan wà lẹ́nu àdúgbò wa ní Ìbàdàn tó ní fóònù, Màámi á lọ jókòó síbẹ̀ dè mí. Nígbà mìíràn ìlà kì í wọlé, á jókòó títí wọ́n á fi ti ṣọ́ọ̀bù. Tó bá wọlé, ariwo á pọ̀ bí òjò lórí páànù.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Màámi. Ẹ̀yìn yín ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Ìgbà wo lo ń bọ̀?”

“Tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, Màámi.”

“Ó dáa,” á wí. Kì í bá mi jà. Ká ní ó ń bá mi jà ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

*

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ àwọn Kosi kéde eré ìje ọlọ́nà jíjìn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní máratọ́ọ̀nù. Etí odò Mono ni wọn yóò ti gbéra, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lápá Nangbéto, ọgbà ìjọ lórí òkè Atakpamé ni wọn yóò sì dé. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni títí, lẹ́yìn náà òkè, òkè, òkè, nígbà tí agbára bá ti tán. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi orúkọ sílẹ̀. Kosi ní àdéhùn kan ṣoṣo lòun ń fẹ́: “A jọ gbéra, a jọ dé.”

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ ọ́. Ìjọba Nàìjíríà ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde láàárín ọjọ́ péréte. Baba Kẹ̀kẹ́ yí rédíò sókè, ó tún yí i sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn lọ́rì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba Notsé, ìlú tó wà nísàlẹ̀ wa, gòkè wá, èèyàn lórí ẹrù, ẹrù lórí èèyàn. Eruku ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan náà. Àwọn kan ń lọ sí òkè àríwá, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Afi gbé agbọ̀n búrẹ́dì rẹ̀ lọ sídìí wọn, ó ń jù ú sókè sí wọn títí agbọ̀n fi ṣófo. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ lọ bá a. Obìnrin kan nínú lọ́rì fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa ṣubú, ó kígbe mọ́ ọn pé, “Jókòó jẹ́ẹ́!” Yorùbá ni. Yorùbá Èkó gbáà ni. Ọmọ yẹn kò mọ èdè mìíràn ju tiwa lọ, a sì ti lé e. Kí n tó mọ̀, mo ti fà sẹ́yìn, mo ti dúró sáàárín àwọn táyà tí a so kọ́.

Baba Kẹ̀kẹ́ rí mi.

“Kí lo ń sá fún?”

“Ojú ń tì mí ni, bàbá.”

“Ní Kùmásí, lọ́dún tí wọ́n lé wa ní Gánà,” ó ní, “aládùúgbò mi ti jókòó lórí àga mi kí n tó jáde nílé. Ta ló bẹ̀ mí?”

“Àwọn tó wà nínú lọ́rì yìí kọ́ ló jókòó lórí àga yín.”

“Ta ló sọ pé àwọn ni? Ta ló sì sọ pé ìwọ lo lé wọn?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣéènì kan, kò sì wò mí mọ́. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà kò sì mú ìtìjú mi kúrò.

Yao wá pẹ̀lú àwọn tó kẹ́yìn. Wọ́n ti há sẹ́nu bodè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Báàgì kan ló gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú, ó ní ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ lórí lọ́rì nígbà tí wọ́n ń ti ara wọn. Mo lọ kí i. Ìyá Kosi gbé omi fún mi bó ti máa ń ṣe, ó bu iyán fún mi. Àmọ́ nígbà tí mo dúpẹ́, kò nawọ́ sí ògiri. Yao fúnra rẹ̀ ló jókòó lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó fi Yorùbá tó já gaara ju Faransé mi lọ béèrè lọ́wọ́ mi pé apá ibo ní Ìbàdàn ni ilé wa wà.

Mo jẹ iyán náà kù, mo dìde. N kò padà lọ síbẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Tí mo bá sì fẹ́ sáré, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn.

*

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìlà wọlé kíá. Ohùn Màámi dùn.

“Ẹ̀yìn mi ti fúyẹ́,” ó ní. “Orí fóòmù ni mò ń sùn báyìí.”

Inú mi dùn gan-an. Mi ò lè sẹ́ ẹ. “Fóòmù wo, Màámi?”

“Ti Ọmọ Gánà tó ń tún bàtà ṣe lọ́ọ̀ọ́kán ilé wa. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, ó kó ẹrù rẹ̀ síta, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n rà á. Àbúrò rẹ bá mi gbé e wọlé.”

“Ṣé ẹ sanwó fún un?”

“A fún un ní gàárì àti ẹja gbígbẹ tó máa jẹ lọ́nà,” ó ní. “Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa gbé e. Kò lè gbé e dé ibi tó ń lọ. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n fi fóòmù náà sílẹ̀ níta kí olè gbé e?”

“Rárá, Màámi. Ẹ máa sùn dáadáa.”

Mo jáde ní Lapọ́sì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí Màámi dá fóòmù náà padà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí ẹ̀yìn rẹ̀ sinmi. Ìdí tí mo fi kúrò nílé nìyẹn: kí n lè ra nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un. Mi ò tíì rà á. Ọkùnrin tí wọ́n lé ló fún un.

*

Kosi ló wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ṣé yàrá ṣì wà?” ó béèrè. A gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jáde.

“Wọ́n ń bi mí nílé bóyá o ti kó lọ,” ó ní.

“Ojú ń tì mí, Kosi.”

“Mo mọ̀. Ojú ń tì ẹ́, o ò sì wá kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ta ni ojú títì yẹn ń ṣe láǹfààní?” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tábìlì wa. “Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ eré náà, òun á máa gbé omi. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé kẹ̀kẹ́ tó dáa lòun ń fẹ́ o.”

Mo tú kẹ̀kẹ́ kan palẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fọ gbogbo ara rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosín-ìn, mo tún un tò. Baba Kẹ̀kẹ́ ń wò mí. Kò sọ pé kí n má ṣe é.

A gbéra létí Mono nígbà tí ojúmọ́ ń là. Ọyẹ́ bo odò náà, n kò rí òdìkejì. Àwọn kan wọ bàtà kánfáàsì bíi tèmi, àwọn kan kò wọ bàtà rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn. Iyanrìn tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. A ń gba àárín oko òwú kọjá, àwọn àgbẹ̀ dúró ti ọkọ́ wọn, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ló ń lé wa. Afi ń dá wọn lóhùn pé, “Ebi!” Yao ń bọ̀ lẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́, kẹ́ẹ̀gì omi nídìí rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi ń wà á.

Lẹ́yìn tí oòrùn ti gòkè, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Eruku gbẹ mí lọ́fun, itan mi le bí igi. A kọjá lára àwọn tó ti jókòó sábẹ́ igi tíìkì, tí wọ́n bọ́ bàtà. Mo ń wo ẹ̀yìn Kosi, mo ń wo ẹ̀yìn Afi, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìdí ni n óò fi wọ́ dé ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá kọ̀. Nísàlẹ̀ òkè àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kọ̀ lóòótọ́. Mo jókòó sórí òkúta.

“Ẹ máa lọ,” mo ní.

“A jọ gbéra,” ni Kosi wí.

“Ẹ máa lọ! Kò yẹ kí ẹ dúró dè mí. Kò yẹ kí ẹ dúró de ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ Nàìjíríà.”

Afi fẹ́ sọ̀rọ̀, Yao gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ máa sún lọ díẹ̀díẹ̀,” ó sọ fún wọn. “Èmi àti ẹ̀ á bá yín.” Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti igi kan, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo sọ ti fóòmù náà fún un. Mo sọ pé ìyá mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tí wọ́n lé, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti fúyẹ́, pé inú mi dùn sí i. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

“Ẹ dárí jì wá, ẹ̀gbọ́n,” mo ní.

“Èmi kọ́ ni mo ni fóòmù yẹn,” ó ní. “Mi ò mọ ẹni tó ni ín. Mi ò mọ̀ bóyá ó délé. Báwo ni màá ṣe bá a dárí jì yín?” Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó bu omi sínú ife, ó nà án sí mi. “Omi nìyí. Èyí ni mo ní.”

Mo mu ún. Ó dìde, ó di kẹ̀kẹ́ mú. Òkè náà ga ju ohun tí ẹsẹ̀ kan lè wà lọ, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ, ó ń tiro. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gòkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, omi tiwa nínú kẹ́ẹ̀gì. N kò lè máa wò ó látorí òkúta. Mo dìde, mo bá a ti kẹ̀kẹ́ náà.

Kosi àti Afi dúró ní kọ́nà, wọ́n ń rìn yípo kí itan wọn má bàa dì. Nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n kàn yí padà síwájú. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ gun èyí tó kù. Apá kan la sáré, apá kan la rìn, níbì kan Afi rá lórí ọwọ́ àti orúnkún, ó ń bú Kosi àti ìran rẹ̀. Nígbà tí a fi dé ìlú, àwọn tó borí ti gba ẹ̀bùn tipẹ́, wọ́n ti ń kó àga jọ nínú ọgbà ìjọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì wà létí ọ̀nà. Wọ́n ń pariwo, “Kosi! Afi!” Nígbà tó yá, mo gbọ́ orúkọ mi. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n sì gbé ohùn rẹ̀ gba ibi tí kò tọ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni.

Ìyá Kosi wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú omi nínú abọ́. Ó bu ú lé mi lórí, ó fi ọwọ́ nu ojú mi bí ẹni ń wẹ ọmọ.

“O pẹ́ jù,” ó ní.

“Ẹ máà bínú, ìyá.”

“Iyán wà nílé.”

*

Lọ́jọ́ tí mo tún lọ sí Lapọ́sì, mo ṣì ń tiro díẹ̀. Màámi béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun, mo sì sáré.

“Ta ló ń lé ẹ?” ó béèrè.

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Màámi. Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Orúkọ ta ni?”

“Ọkùnrin tó ni fóòmù.”

“Ọmọ Gánà?”

“Orúkọ rẹ̀ gan-an, Màámi. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.”

Mo gbọ́ tó yí ẹnu kúrò lára fóònù, tó bi oníkẹ́mísìtì náà. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ọ̀nà jíjìn, tó ń dá a lóhùn: “Orúkọ rẹ̀ kẹ̀? Ọmọ Gánà mà ni, Ìyá.”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n,” ni Màámi wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ó ti pẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán wa. Ó tún sálúbàtà iléèwé rẹ ṣe nígbà tí o wà ní kékeré. Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ń pè é?”

Mo wá a nínú orí mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo rí òòlù rẹ̀, mo rí bó ṣe ń fi ìṣó sáàárín eyín. N kò rí orúkọ.

“Ohun tí ẹ̀yin ń pè é náà ni, Màámi,” mo ní.

Ìlà já. Mo sanwó, mo jáde sínú oòrùn. Àwọn ọmọ iléèwé Kosi ń kọjá lọ sílé lódìkejì títì, àwọn ọmọ tí n kò mọ bàbá tàbí ìyá wọn. Ọ̀kan rí mi, ó tọ́ka sí mi fún àwọn yòókù, gbogbo wọn sì gbé orúkọ mi lẹ́nu, wọ́n ń pè é, wọ́n ń pè é. Mo gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Mo ṣì ń wá orúkọ Ọmọ Gánà nínú orí mi.